Àkàbà Eérú: Títẹ Fọ́tò Dúdú-àti-Funfun Nílé

Irun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi òdòdó sílẹ̀ ná, ẹ fi oòrùn tó ń wọ̀ létí ọ̀sà sílẹ̀. Ẹ wá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó irun fún, kó jókòó, kó kẹ̀yìn sí yín, kí ẹ ya ìpàkọ́ rẹ̀. Irun dúdú ni, orí awọ dúdú ló wà, òwú dúdú ni wọ́n fi kó o. Bí fọ́tò yẹn bá bọ́ sórí pépà tí ojú ṣì ń tọ òwú náà láti ìdí dé ṣóńṣó, pírìntà yín ti mọ iṣẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣú pọ̀ bí ìdí ìkòkò, iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀, òun ni orí ìwé yìí sì wà fún.

Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀ pé irun la fi ń dán fọ́tò wò. Ní Ṣángíṣà l'Ékòó, níbi tí mo ń gbé, èèyàn á gba CMD Road jáde, kò ní pẹ́ tó fi dé Kétu. Kétu yìí ni fọtógíráfà J.D. 'Okhai Ojeikere fi ṣe ilé tó sì fi ṣe ibi iṣẹ́. Ọmọ Ovbiomu-Emai ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni, 1930 ni wọ́n bí i, ó kú ní 2014. Lọ́dún 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà ní dúdú-àti-funfun, láti ẹ̀yìn lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì dáwọ́ dúró títí tí wọ́n fi sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Wọ́n gbé wọn kọ́ ògiri ní Fondation Cartier ní Paris lọ́dún 2000, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Venice Biennale ní 2013. Ọ̀kan wà lára wọn tó yà ní 1975 tó ń jẹ́ Onílé Gogoro tàbí Àkàbà, irun kíkó tó dìde lórí bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A máa padà sórí àkàbà yẹn.

Àwọn tó ń sọ ìtàn ọkùnrin yìí máa ń sáré dé ibi irun. Èmi, ọdún 1954 ni mo máa ń dúró sí. Ọdún yẹn ni wọ́n gbà á síṣẹ́ ní Ministry of Information n'Ìbàdàn, wọn ò sì gbà á fún fọ́tò yíya. Olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn ni wọ́n gbà á ṣe. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ṣáájú irun, ibi tí fọ́tò ti ń bọ́ sórí pépà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ojú rẹ̀.

Títí dòní a ṣì ń sọ pé a fẹ́ fọ fọ́tò, bẹ́ẹ̀ omi kankan ò kàn án mọ́. Láyé yàrá òkùnkùn, omi ni gbogbo rẹ̀. Pépà á wọ kẹ́míkà tó ń mú àwòrán yọ, á wọ èyí tó ń pa ti àkọ́kọ́, á wọ èyí tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rí i bàjẹ́ mọ́, kí wọ́n tó fi omi ṣàn án, kí wọ́n sì sá a sórí okùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fi odidi pépà ṣe é, wọ́n á gé pẹlẹbẹ kan lára rẹ̀, wọ́n á tan iná sí i ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀, apá kan fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, èkejì fún mẹ́wàá, ẹ̀kẹta fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n á wò ó, wọ́n á mú èyí tó dáa jù. Kẹ́míkà ti lọ, ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ yẹn ò gbọdọ̀ lọ. Ẹni tó ń tẹ odidi A4 láì kọ́kọ́ tẹ pẹlẹbẹ, íǹkì ló ń dà sí gọ́tà.

Orúkọ tí a ń pe iṣẹ́ yìí gan-an, dúdú-àti-funfun, ń ṣini lọ́nà. Kò sí íǹkì funfun nínú pírìntà ilé. Ibi tí pírìntà ò fọwọ́ kàn lára pépà ni funfun. Dúdú náà ò le, ó wà nínú ìgò. Eérú, ìyẹn àwọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, ló le. Ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọrùn, òjìji abẹ́ gèlè, ihò ara léèsì, gbogbo ohun tó ń mú kí fọ́tò jọ èèyàn, àárín eérú kan sí èkejì ni wọ́n wà, pírìntà ò sì ní íǹkì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀kán íǹkì tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ ló fi ń tan ojú wa jẹ.

Pírìntà tó wà nílẹ̀

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Pírìntà oníǹkì olómi tí ẹ fi ń tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ, tó ní dúdú, búlúù, pupa àti yẹ́lò, ó tó fi kọ́ iṣẹ́. Èyí tó ń lo ìyẹ̀fun, tí wọ́n ń pè ní lésà, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún risíìtì.

Ẹ mú fọ́tò irun yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí irú pépà kan náà. Ní ti àkọ́kọ́, ẹ sọ fún pírìntà pé íǹkì dúdú nìkan ni kó lò. Ibi tí wọ́n kọ Grayscale tàbí Black sí ni ẹ máa tẹ̀. Ní ti èkejì, ẹ jẹ́ kó po gbogbo íǹkì pọ̀. Ẹ gbé méjèèjì lọ sí ojú fèrèsé. Èyí àkọ́kọ́ ò ní fi síbì kan, eérú rẹ̀ á jẹ́ eérú, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dà bíi pé wọ́n wọ́n iyanrìn sí i. Èkejì á jọ̀lọ̀, àmọ́ ẹ óò rí i pé eérú rẹ̀ ń fẹ́ ṣe ewé níbì kan, ó ń fẹ́ pọ́n rẹ́súrẹ́sú níbòmíràn. Àwọn pírìntà kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti lè yan pépà dídán, wọn ò ní fi dúdú nìkan ṣe é mọ́, ẹ ò báà tẹ Grayscale nígbà mẹ́wàá. Bí fọ́tò méjèèjì bá jọra, tiyín wà lára wọn nìyẹn.

Ìdí tí eérú fi ń yà síbì kan kò ju pé búlúù, pupa àti yẹ́lò ni wọ́n pò di eérú. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ ju ìyókù lọ, ojú á mọ̀ ọ́n. Nínú fọ́tò aláwọ̀, ta ni yóò rí i? Nínú dúdú-àti-funfun, kò síbi tó máa sá sí. Èyí tó tún burú ni pé ó ń yí padà pẹ̀lú iná tí ẹ fi ń wò ó.

Mo ti jìyà rẹ̀ rí. Lọ́dún kan, mo ra íǹkì ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ. Ìgò jọ ìgò, orúkọ jọ orúkọ, owó rẹ̀ nìkan ló fi ìdajì dín. Alẹ́ ni mo fi í tẹ fọ́tò ìyá wa àgbà, lábẹ́ gílóòbù, ó wù mí, mo fi sílẹ̀ kó gbẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e sójú fèrèsé: màmá ti di ewé ẹ̀fọ́. Àbúrò mi obìnrin wò ó títí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, àbí ara Màmá ò yá lọ́jọ́ yẹn ni?" Láti ọjọ́ náà, ojúlówó íǹkì ilé iṣẹ́ tó ṣe pírìntà ni mò ń rà, bí owó ò bá sì tíì tó, mo máa ń dúró.

Bí ẹ bá ti fi èyí tó wà nílẹ̀ ṣe é fún oṣù díẹ̀ tí ọkàn yín ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè wá máa wo iwájú. Epson L805 àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ L1800, tó ń gba pépà tó fẹ̀ ju A3 lọ díẹ̀, ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ fọ́tò l'Ékòó. L8050 àti L18050 ló rọ́pò wọn. Íǹkì mẹ́fà ni wọ́n ní, torí wọ́n fi búlúù fífẹ́lẹ́ àti pupa fífẹ́lẹ́ kún un, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò sì ní ṣe iyanrìn mọ́. Síbẹ̀, kò sí eérú nínú wọn. L8160 àti L8180 ní ìgò eérú kan gẹ́gẹ́ bí ara íǹkì wọn, ìgò kan yẹn sì ń ṣe bẹbẹ, nítorí pírìntà ò ní máa po àwọ̀ mẹ́ta kó tó rí eérú. Lókè wọn ni irú Epson SureColor P700 àti Canon imagePROGRAF PRO-300 wà, oníǹkì mẹ́wàá. Íǹkì tiwọn kì í tètè ṣá, P700 sì ní eérú méjì, èyí tó ṣú díẹ̀ àti èyí tó fẹ́lẹ́. Nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n kọ Advanced Black and White sí ni kí ẹ yàn, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ìyókù. Ọkùnrin kan tún wà ní Vermont l'Amẹ́ríkà, Jon Cone, tó ń ṣe íǹkì Piezography: ó kó gbogbo àwọ̀ kúrò nínú pírìntà, ó fi oríṣiríṣi eérú dípò wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́ kì í fi ti onídíje bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ ra pírìntà ní Ọ̀tìgbà n'Íkẹjà, ẹ béèrè owó íǹkì kí ẹ tó béèrè owó pírìntà. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ojú ewé ìdánwò rẹ̀ lójú yín. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa jáde. Bí ọ̀kan bá já láàárín, ihò kan ti dí nínú orí pírìntà náà. Ẹ kí wọn, kí ẹ máa lọ.

Pépà

Pépà ọ́fíìsì, èyí tó jẹ́ gíráàmù 80, kò lè gbé irun dúró. Íǹkì á rì sínú rẹ̀, á tàn kálẹ̀ bí epo lórí bébà tí wọ́n fi di àkàrà, dúdú á sì di eérú tó ti rẹ̀. Pépà fọ́tò ní ohun tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ tó ń di íǹkì mú lókè. Ẹ ra èyí tó wúwo tó gíráàmù 200 sókè, ìwọ̀n 4×6 íǹṣì lákọ̀ọ́kọ́, torí ìbàjẹ́ rẹ̀ ò dunni púpọ̀.

Ẹ óò rí pépà dídán, ẹ óò sì rí èyí tí kò dán. Èyí tó ń dán máa ń fún yín ní dúdú tó jinlẹ̀, ó sì máa ń fún yín ní àmì ìka gbogbo ẹni tó bá dì í mú, àti gílóòbù pálọ̀ láàárín iwájú orí ẹni tó wà nínú fọ́tò. Èmi fẹ́ràn èyí tí kò dán fún irun àti fún aṣọ òkè. Dúdú rẹ̀ ò jinlẹ̀ tó ti èkejì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wò ó tí yóò máa yí orí kiri wá ibi tí iná ò ti ní tàn án lójú. Èyíkéyìí tí ẹ bá fi sínú pírìntà, orúkọ rẹ̀ gan-an ni kí ẹ yàn ní Paper type. Ibẹ̀ ni pírìntà ti ń mọ ìwọ̀n íǹkì tó máa tú sílẹ̀. Bí ẹ bá purọ́ fún un, òun náà á purọ́ fún yín.

Bí ẹ ò bá mọ ojú àti ẹ̀yìn pépà, ẹ fi ìka tó tutù díẹ̀ kan igun rẹ̀. Ibi tó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìka ni ojú.

Fáìlì

WhatsApp ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ láti London ti kọjá nínú asẹ́. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lásán, WhatsApp á ti gé e wá sí nǹkan bí ẹ̀kán (pixel) 1600 ní apá gígùn rẹ̀. Kí fọ́tò tó mú dáadáa, 300 ẹ̀kán fún íǹṣì kan ni à ń wá. Nítorí náà, 4×6 ń fẹ́ 1200 nípa 1800, 8×10 sì ń fẹ́ 2400 nípa 3000. Ẹ lè rí i pé ti WhatsApp yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí 4×6, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí wọ́n fà á gùn dé 8×10, 160 péré ló kù fún íǹṣì kan, ẹyinjú á sì máa ṣe bàìbàì. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi Document, gbogbo rẹ̀ á dé pérépéré. Fóònù tó ń ya 4000 nípa 3000, tí ọ̀pọ̀ ń lò báyìí, ti tó 8×10, ó tún ṣẹ́ kù.

Àwọ̀ ni kámẹ́rà ń yà. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ di eérú. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo tó ń gbá gbogbo àwọ̀ dànù. GIMP, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ní Mono Mixer: ẹ wọ Colors, ẹ wọ Desaturate, ẹ óò rí i níbẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló máa gbé síwájú yín, pupa, ewé àti búlúù, kí ẹ wọn ìwọ̀nba tí ẹ fẹ́ bí ẹni ń wọn ata, tòmátì àti àlùbọ́sà. Ẹ fi 0.5 sí pupa, 0.4 sí ewé, 0.1 sí búlúù, kí ẹ máa wo ojú ẹni inú fọ́tò bí ẹ ṣe ń yí i.

Awọ dúdú tiwa ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà ju búlúù lọ. Nítorí ìyẹn, bí ẹ bá fi kún pupa, ojú á mọ́lẹ̀, á sì jọ̀lọ̀; bí ẹ bá fi kún búlúù, á ṣókùnkùn, gbogbo àpá àti rorẹ́ á jáde wá jẹ́rìí. Pupa máa ń dùn mọ́ àwọn èèyàn, kí ẹ ṣọ́ra fún un. Bó bá ti kọjá 0.7, obìnrin tó dúdú mìnìjọ̀ á dà bí ẹni tó ń bóra, kò sì ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àgbàlagbà tí ìlà ojú rẹ̀ lẹ́wà, ewé ni kí ẹ fi kún fún un. Àdìrẹ ẹlẹ́lùú ní tiẹ̀ máa ń fẹ́ pupa: aró á dúdú kirikiri, àwọn iṣẹ́ ara rẹ̀ á funfun síta. Ẹ fún aṣọ kan náà ní búlúù, ẹ óò rí i bó ṣe máa ṣá bíi pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ fún ogún ọdún.

Léèsì funfun tún ni. Lójú kọ̀ǹpútà, 255 ni funfun tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí léèsì bá ti dé ibẹ̀, pírìntà ò ní tẹ nǹkan kan síbẹ̀, gbogbo ihò tí wọ́n fowó rà á fún á sì parẹ́. Ẹ fà á wálẹ̀ sí 240 tàbí 245.

Àkàbà

Ojú kọ̀ǹpútà ní iná lẹ́yìn, pépà ò ní. Ìdí rèé tí fọ́tò tó mọ́lẹ̀ kedere lójú fóònù fi ń jáde bí ẹni tó wà nínú yàrá tí NEPA mú iná lọ. Ẹ ṣí ojú ewé funfun kan sórí kọ̀ǹpútà, ẹ di pépà funfun mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù títí tí méjèèjì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi í sí nígbà tí ẹ bá ń ṣe fọ́tò, kí ẹ dá a padà nígbà tí ẹ bá ń wo fíìmù.

Lẹ́yìn náà, ẹ kan àkàbà tiyín bí ti irun Ojeikere yẹn, èyí tó ń gun láti dúdú dé funfun. Àpótí mọ́kànlá ni, kí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kọ̀ǹpútà ń ka dúdú ní 0, ó ń ka funfun ní 255, nítorí náà ẹ kùn wọ́n báyìí: 0, 25, 51, 76, 102, 128, 153, 179, 204, 230, 255. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ gbé e sójú fèrèsé, kí ẹ sì ka àpótí tí ojú yín lè yà sọ́tọ̀.

Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mẹ́jọ ni mo kà. 0, 25 àti 51 ti di ẹyọ kan, 230 náà ti wọ inú 255. Ohun tó ń gbé irun mì rèé! Irun dúdú, òwú dúdú, òjìji tó wà láàárín wọn, ìsàlẹ̀ àkàbà ni gbogbo wọn ń gbé, láàárín 10 sí 60, ibẹ̀ gan-an sì ni àkàbà mi ti ṣẹ́. Mo ti lo oṣù méjì tí mò ń bú kámẹ́rà.

Àtúnṣe rẹ̀ wà ní Curves nínú GIMP. Ìlà kan ló máa gbé jáde, tó gùn láti igun ìsàlẹ̀ ní òsì dé igun òkè ní ọ̀tún. Ẹ tẹ ojú kan lórí ìlà náà nítòsí ìsàlẹ̀, níbi tí 51 máa wà, kí ẹ tì í sókè díẹ̀, kó dé nǹkan bí 65 tàbí 70. Ẹ má gbé igun ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ kúrò nílẹ̀ o. Fọ́tò tí kò ní ibi kankan tó dúdú pátápátá máa ń dà bí èyí tí wọ́n yà nínú èéfín. Lókè, ẹ fa 230 wálẹ̀ sí 222 tàbí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ẹ tún kà á. Ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, mọ́kànlá á pé, tàbí mẹ́wàá lórí pépà tí kò dán. Ẹ fún Curves yẹn lórúkọ, kí ẹ fi pamọ́ sínú GIMP. Pépà kọ̀ọ̀kan ló ní àkàbà tirẹ̀. Ẹ má fi ti ọ̀kan gun ti èkejì.

Ìgbà yìí ni pẹlẹbẹ wá kàn. Nínú fọ́tò irun, ẹ gé ibi tó le jù, kó fẹ̀ tó íǹṣì kan, kó gùn tó mẹ́rin, kó gba inú irun kọjá sí ọrùn àti kọ́là aṣọ. Ẹ to mẹ́ta sórí 4×6 kan, ọ̀kan bó ṣe wà, ọ̀kan tó fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ jù ú lọ, ọ̀kan tó tún mọ́lẹ̀ sí i. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ohun tí ẹ ṣe sẹ́yìn rẹ̀. Bírò á yọ síwájú, irọ́ ni ẹni tó bá ní kò ní yọ.

Ẹ má dá ẹjọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Íǹkì tútù ń dán, ó sì ń dúdú lọ́nà tí kò ní rí mọ́ tó bá gbẹ. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Aago mẹ́wàá àárọ̀, lójú fèrèsé tí oòrùn ò ti wọlé tààrà, ni ẹjọ́ mi máa ń jókòó. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń gbé e lọ sí pálọ̀, síbi tí wọ́n máa gbé e kọ́ gan-an, torí fọ́tò tó dáa lójú fèrèsé lè ṣókùnkùn jù lógiri.

Ọyẹ́, òjò àti NEPA

Àwọn ìwé tó ń bọ̀ láti òkè òkun kì í kọ nípa èyí. Pírìntà ní ibi tí orí rẹ̀ máa ń padà lọ sùn, tí ìdérí rọ́bà kan máa ń bo ẹnu àwọn ihò rẹ̀ kí íǹkì má bàa gbẹ. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, ìta ni orí náà dúró sí, láìborí, nínú eruku Ṣángíṣà. Ẹ má wí pé ẹ ó parí rẹ̀ lọ́la. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà, kí ẹ tan pírìntà, kó lọ sùn ní àyè rẹ̀, kí ẹ tó pa á pẹ̀lú bọ́tìnnì ara rẹ̀. Ẹ má fi síwíìsì ara ògiri pa á láéláé. Bí jẹnẹrétọ̀ yín bá ń ṣe kùkùkẹ̀kẹ̀, ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ gba inú sítábíláísà kọjá.

Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ bò ó. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ nǹkan kékeré kan tó ní gbogbo àwọ̀, bí ẹ ò bá tilẹ̀ ní iṣẹ́ kankan. Bí ihò bá dí, ẹ ṣe ìfọmọ́ orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ fi sílẹ̀ di àárọ̀ kí ẹ tó tún ṣe òmíràn. Gbogbo íǹkì tí ìfọmọ́ yẹn ń fà, inú fóòmù kan nísàlẹ̀ ló ń dà sí, fóòmù náà sì máa ń kún.

Nígbà òjò, pépà ló ń jìyà. Ọ̀rinrin á jẹ́ kó ká kò, etí rẹ̀ á máa ha orí pírìntà, ìlà dúdú á sì máa wà létí gbogbo fọ́tò. Ẹ dá èyí tó kù padà sínú ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ ju àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun, tó ń fa omi, síbẹ̀. Èmi ò ju ọ̀kan dànù mọ́.

Fọ́tò àtijọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn á fẹ́ fi èyí tó wà lógiri ilé bàbá wọn bẹ̀rẹ̀. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ iṣẹ́ ná. Ẹ yọ ọ́ nínú fírémù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ ṣe é pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀. Tí ẹ bá gbé e sórí sìkánà, 600 ẹ̀kán fún íǹṣì ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì yan Color, bó tilẹ̀ jẹ́ dúdú-àti-funfun. Àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú tí ọjọ́ ti kùn ún máa ń hàn sí i nínú búlúù, ó sì ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá nínú pupa, nítorí náà Mono Mixer kan náà ni ẹ máa fi lé e lọ.

Ẹ má ṣe tún ojú ẹnikẹ́ni ṣe. Àwọn fọtógíráfà wa àtijọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ohun tó jọ àṣìṣe lójú tiwa lè máà jẹ́ àṣìṣe. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí fọ́tò ilẹ̀ Yorùbá ní 1978, ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí ìbejì lè pé. Ẹni tó bá rí irú ẹ̀ nínú àpótí ìyá rẹ̀, tó rò pé kọ́pì ló ṣèèṣì di méjì, tó wá gé ọ̀kan dànù lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ti mọ ẹni tó gé.

Fírémù

Ojú fọ́tò ò gbọdọ̀ kan gíláàsì. Ẹ ní kí oní-fírémù fi páálí funfun yí i ká nínú, kí àyè díẹ̀ wà láàárín wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjò méjì péré á ti lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń kọlù, ẹ fi kàlẹ́ńdà kọ́ síbẹ̀. Ní pàtàkì, íǹkì inú irú L805 yẹn kì í fẹ́ràn oòrùn, á máa ṣá lọ díẹ̀díẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Irun tí mo fi dán àkàbà mi wò, onídìrí kan ní Kétu ló kó o fún ọmọ aládùúgbò wa. Nígbà tí mo tẹ 8×10 rẹ̀ tán, mo gbé e lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó gbé e sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì ń fi èékánná ìka rẹ̀ tọ òwú kọ̀ọ̀kan láì kan pépà. Ó dé ọ̀kan tó wà lẹ́yìn etí òsì, ó dúró.

"Bọ̀ọ̀dá fọ́tò, ẹ wò ó. Ibi tí mo ti sáré nìyí. Òwú yìí ò fún."

Mo tẹ̀ síwájú, mo wò ó. Òótọ́ ni, àlàfo kan wà níbẹ̀, kò tó ìbú irun orí, eérú nínú dúdú. N kò rí i rí lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n má gbé e kọ́ síbi tí àwọn oníbàárà òun á ti rí i, pé òun máa tún un kó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí n mú kámẹ́rà wá.